Ọ̀gá Eré Mọ́tò ní Agric

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní Agric, èmi Oríyọmí ni ọ̀gá eré mọ́tò. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Géèmù mọ́tò àtijọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Kò fẹ́ dátà, mọ́tò á kọlu ògiri, á tún máa lọ. Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ ń ṣe é lẹ máa jọ wo tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, mọ́tò ẹnì kan lókè, ti ẹnì kejì nísàlẹ̀, ẹ ó sì máa bú ara yín dáadáa.

Ní Sátidé, àbúrò mi Hàbíbàt dé láti Ìjẹdẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá mi sáré.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ó dáa. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á máa pe ẹnì kejì ní ẹ̀gbọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan."

Páàdì àkọ́kọ́, tó ń wa mọ́tò òkè, ni mo máa ń lò. Mo fi sílẹ̀ fún un, torí mo fẹ́ ṣe ọ̀gá.

Mọ́tò òkè ń fò bí ẹyẹ. Mo ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, mo ń tẹ̀ sósì pẹ̀lú ẹ̀. Bó ṣe gbégbá orókè, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo ń jó.

Festus tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Ọ̀gá, kí lò ń jó sí? Ìsàlẹ̀ ni tìẹ."

Mo wo ìsàlẹ̀. Mọ́tò mi ṣì ń forí sọ ògiri.

Ni mo bá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Hàbíbàt ní, "Wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ, àbúrò. Òtútù á mú ẹ."