Màmá Eufrasia àti Òdòdó Tó Ń Pa Àgùntàn

Títí dòní, wọ́n ṣì ń sọ nípa ọjọ́ tí olóògbé Màmá Eufrasia bá ọ̀mọ̀wé kan jà ní abúlé Las Sabinas. Ọ̀mọ̀wé náà gbé ìwé ńlá gun òkè, ó nàka sí òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú kan lábẹ́ igi páínì, ó ní kò léwu, kí àgùntàn máa jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àgùntàn Màmá mọ́kànlá ti kú síbẹ̀.

“Pingüe nìyẹn, ọmọ mi. Apàgùntàn ni.”

“Màmá, ẹ wo àwòrán rẹ̀. Òdòdó mìíràn ni.”

“Ìwé rẹ ti jẹ ẹ́ rí?”

Màmá fi ọ̀bẹ hú gbòǹgbò rẹ̀, ó bó èèpo rẹ̀, ó ń rún un, ó ń wo ọ̀mọ̀wé náà níran. Nígbà tó fà á yọ lẹ́nu, gbòǹgbò náà fà bíi rọ́bà, ó gùn bí apá, kò já. Ó ní èyí tí kò léwu kì í fà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán náà, ó sì pa ìwé náà dé. Wọ́n ní kò tíì ṣí.

Ìbínú rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ ènìyàn. Lábúlé yẹn, bí òjò bá kọ̀, wọn a gbé ère San Isidro, ẹni mímọ́ àwọn àgbẹ̀, lọ sóko kó lè fojú ara rẹ̀ rí ọ̀dá náà. Nígbà tí àgùntàn kú, Màmá gbé ère náà lọ sáàárín òkú wọn. Belarmino, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

“Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Jẹ́ kó wò ó.”

Lọ́jọ́ kẹta, yìnyín bọ́. Màmá sáré lọ fi ìborùn rẹ̀ bo ère náà, ó gbé e, ó ń bú u bọ̀ wálé.

Nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni Màmá kú. Belarmino ló jogún agbo. Inú bí i sí Màmá tó kó gbogbo ìmọ̀ lọ, ó sì bí i sí Ọlọ́run tó ń gbàdúrà sí láìgbọ́ èsì. Ní oṣù kẹfà, ó da agbo lọ sókè. Irú òdòdó méjì ló wà níbẹ̀, ìbejì ni wọ́n lójú rẹ̀, àgùntàn sì ti ń tẹrí ba láti jẹ wọ́n. Ó jágbe mọ́ wọn, ó wólẹ̀, kì í ṣe fún àdúrà, ó hú gbòǹgbò, ó rún un. Ó korò. Ó fà á yọ lẹ́nu: ó fà, ó fà, kò já.

Èébú Màmá gan-an, láìyẹ̀ kan, ló fi da agbo padà sísàlẹ̀.

Ó yà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lẹ gbòǹgbò tó rún náà mọ́ ẹsẹ̀ ère San Isidro.

“Ẹ bá mi sọ fún Màmá,” ó ní, “pé ó fà.”