Bí Mo Ṣe Da Bùláńkẹ́ẹ̀tì Bo Ẹ́ńjìnnì Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ọgbọ́n ńlá tí mo gbọ́n ní Kàdúná. Irú ọgbọ́n yìí, wọn kì í kọ́ ọ nílé ìwé!

Èmi ni súpáfáísọ̀ ní ilé kan tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun pa mọ́ sí. A ní bẹ́líìtì gígùn kan tó ń gbé àpò láti inú ilé lọ sẹ́nu tírélà, ẹ́ńjìnnì tó ń lo iná mànàmáná ló ń yí i. Bàbá Ràsákì ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà, ará Ìlọrin ni wọ́n, wọ́n sì ti ń gbé ní àdúgbò Doka ní Kàdúná kí wọ́n tó bí mi.

Ṣé ẹ mọ ọyẹ́ Kàdúná? Láàárọ̀, omi tí ẹ fẹ́ fi bọ́jú gan-an á máa bà yín lẹ́rù. Nítorí náà, Bàbá á kọ́kọ́ gbọn eruku kúrò lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wá jẹ́ kí bẹ́líìtì máa yí lófìfo fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí gíríìsì tó ti dì lè rọ̀. Àwa á káwọ́ mọ́yà nínú súwẹ́tà, a ó máa wò wọ́n.

Èmi ọ̀mọ̀wé ní ìfàkókòṣòfò ni. Tí òtútù bá ń mú nǹkan, kí la fi ń bò ó? Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni! Mo gbé èyí tó nípọn jù nílé wa ní Ungwan Boro. Ìyàwó mi béèrè ibi tí mò ń gbé e lọ, mo ní iṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Nírọ̀lẹ́, mo fi wé ẹ́ńjìnnì yípo, mo sì fi okùn dè é. Ẹ wo aláàánú!

Lọ́jọ́ kejì, kí Bàbá tó dé, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo ní kí àwọn alábàárù máa kó àpò lé bẹ́líìtì. Ṣé kí n tú bùláńkẹ́ẹ̀tì ni? Ṣé òtútù ti lọ ni? Bẹ́líìtì kọ́kọ́ kérora, ó sì yí. Inú mi dùn. Kò pẹ́ tí òórùn nǹkan tó ń jó gba gbogbo ilé, èéfín yọ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì sì dúró gbagidi.

Àsìkò yẹn ni Bàbá àti ọ̀gá wa jọ wọlé. Ọ̀gá wo ẹ́ńjìnnì tó jóná, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ní ogbó ti dé sí Bàbá, kí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, kí wọ́n máa lọ sílé, iṣẹ́ ti tán.

Bàbá wo bùláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo èmi náà. Èmi ọlọ́gbọ́n wolẹ̀.

Wọ́n kó sípánà wọn sápò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti dé ẹnu géètì kí ohùn mi tó jáde.

"Ọ̀gá, èmi ni mo bò ó. Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Lójú gbogbo àwọn alábàárù ni ọ̀gá ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi, ó sì pe Bàbá padà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń tú okùn.

"Haba, ọmọ mi. Èèyàn ló ń fẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ló ń fẹ́."

Títí a fi rí ẹ́ńjìnnì mìíràn, orí súpáfáísọ̀ yín ló ń ru ìyẹ̀fun lọ sínú tírélà. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní ká dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúró.

Ṣùgbọ́n ọrùn tó ń ro mí kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo jẹ́ kí bàbá àgbà yẹn rìn dé géètì.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti ru ẹ̀bi yín rí, tí ẹ sì ń wò ó? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí. Tí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́.