Ariwo Tí Ọkọ Mi Kò Gbọ́

Òórùn ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, òórùn kíkan tí kì í tètè kúrò bí èèyàn tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹnu àpò tó kẹ́yìn tán ní abúlé kan lẹ́yìn Sakin ni, mo fi etí aṣọ nu ọwọ́, mo sì gun iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ pupa náà ń dán, omi sì dúró nínú ipa táyà. Kátíkátí àlòkù ni ọkọ̀ wa, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ fà nínú ẹrẹ̀. Òun la fi ń kó ẹ̀gẹ́ àti iṣu láti oko wá sí Plateau, àdúgbò wa nílùú, òun náà la fi tọ́ àwọn ọmọ.

A kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ọ. Ohùn kan ń hu lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ kọjá lẹ́nu ìgò. Bí ọkọ mi bá fún ọkọ̀ lépo, ohùn náà á ga. Bí ó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀ lọ bí ẹni tí ara tù.

Bí o bá mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, wàá mọ ìdí tí àyà mi fi já. Ọkùnrin tó máa ń dúró nínú òjò nítorí pé ó gbọ́ tí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ń mì ni. Òun ló kọ́ mi ní ohùn ọkọ̀ gbogbo, nítorí kò rí ẹlòmíràn tó fẹ́ gbọ́. Tó bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́ nígbà tí a bá ń yà, oríkèé ẹsẹ̀ iwájú ni. Tó bá gbá gbì lẹ́ẹ̀kan bí a ṣe ń gbéra, oríkèé ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ń hu nígbà tí ọkọ̀ bá ń fà, tó sì ń dákẹ́ bí kò bá fà mọ́, inú pọ́ọ̀n ló ti ń wá, ìyẹn ìkòkò irin àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, níbi tí àwọn irin eléyín ti ń yí ara wọn. Ó ní tí mo bá gbọ́ ìyẹn láé, kí n mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní pẹ́ dúró. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti máa ń bi mí pé kí ni mo wí, tó sì máa ń yí rédíò sókè. Àárẹ̀ ni mo pè é. Lójú ọ̀nà yẹn ni mo tó mọ̀ pé etí rẹ̀ ti ń lọ.

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Bí mo bá sọ fún un pé ọkọ̀ ń hu, mo ti sọ ti etí fún un nìyẹn. Bí mo bá sì dákẹ́, eyín inú irin yẹn á ká dànù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn wa, níbi tí kò sẹ́ni tó máa fà wá. Níkẹyìn mo mú ọwọ́ rẹ̀ tó wà lásán, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tó wà láàárín ìjókòó wa. Irin náà ń gbọ̀n. Ó fún ọkọ̀ lépo, ó gbẹ́sẹ̀, ó tún fún un. Lẹ́yìn náà ló dúró láàárín ọ̀nà.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń hu?"

"Láti abúlé ni."

Ó gbé iwájú orí lé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ó wí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń sọ.

A rọra wọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníkì wa ní Plateau. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti ọkọ mi ti mọra, ó sì fẹ́ràn yẹ̀yẹ́. Ó bi ọkọ mi pé báwo ni ọkọ̀ náà ṣe ń dún. Ọkọ mi wò mí, ni mo bá dáhùn: "Ó ń hu bí a bá fún un lépo, ó ń dákẹ́ bí a bá gbẹ́sẹ̀. Bí a bá ń yà, kò yí padà."

"Ọ̀gá awakọ̀, ìyàwó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín," mẹkáníkì wí. "Ẹ máa bọ̀ wá di ẹrù, kí àwa rí ẹni gidi bá sọ̀rọ̀."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò gbọ́ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n da epo inú pọ́ọ̀n sílẹ̀, ẹ̀rún irin ń dán nínú rẹ̀ bí iyanrìn etí odò. Eyín ti jẹ. Mẹkáníkì mú wa lọ sẹ́yìn àgọ́ rẹ̀, níbi tó kó pọ́ọ̀n àlòkù oríṣi méjì sí, tiwájú tẹ̀yìn, nítorí bí eyín iwájú kò bá bá tẹ̀yìn dọ́gba, wọ́n á fa ara wọn ya nínú ẹrẹ̀. Ó fọwọ́ yí wọn kí a lè rí i. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ yóò yí lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní gígùn nìyẹn, ó ń sáré lórí títì, kì í mu epo púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù gun òkè. Nínú ìkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kúkúrú nìyẹn. Kì í sáré, ṣùgbọ́n ó lágbára.

"Gígùn ni kí o fi sí i," ọkọ mi wí. "Títì ni mo fẹ́ máa gbà. Oníṣòwò kan ní kí n máa bá òun kẹ́rù lọ sí Paràkú lókè lọ́hùn-ún."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó yé mi kíákíá. Lójú ọ̀nà oko, gbogbo èèyàn ló ń dá awakọ̀ dúró bá a sọ̀rọ̀. Lórí títì, òun nìkan ni yóò wà nínú ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi ń ro àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń bọ̀ láti òkè, tí wọ́n máa ń fun fèrè kí wọ́n tó gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn kọjá. Mẹkáníkì dúró níbẹ̀, mo sì ti gbà pé n kò ní sọ ti etí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ni ọkọ̀ àjàgbé kan bá ń fẹ̀yìn wọlé sínú ọgbà mẹkáníkì. Ó fun fèrè, ó tún fun ún. Mẹkáníkì kígbe pé kí ọkọ mi kúrò lọ́nà. Ọkọ mi ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí pọ́ọ̀n gígùn náà, ó ń fi ìka tọ eyín rẹ̀. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo fà á. Táyà gba ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà kọjá.

Mẹkáníkì ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá. Ọkọ mi wo ọkọ̀ àjàgbé náà, ó sì wò mí. Mo la ẹnu láìgbé ohùn jáde: ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà oko. Ó ń wo ètè mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń wo ètè wa.

"Fi kúkúrú sí i," ó wí.

"Ó dáa, Ọ̀gá." Mẹkáníkì kọjú sí i kó tó sọ ọ́, ó sì rọra sọ ọ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo rí i pé ìyẹn dun ọkọ mi ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Mo ti ro ó títí, ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ wa kì í sáré mọ́, tasí kéékèèké ń kọjá wa lórí títì, ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹrù gun gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Boni. Èmi tí n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni mo ń kí àwọn àgbẹ̀, tí mo ń bá wọn jiyàn, kí n tó yíjú sí i tún un sọ. Abẹ́ ọkọ̀ náà, èmi ni mo ń gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, ẹ̀rù ohun tí n kò ní gbọ́ máa ń bà mí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ tí a gba ọkọ̀ jáde, ẹ̀yìn ni mo fẹ́ gùn, láàárín àwọn àpò, kí n lè gbọ́ pọ́ọ̀n tuntun náà dáadáa. Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó rìn yí ká wá bá mi, ó sì na ọwọ́ sí mi.

"Sọ̀kalẹ̀," ó wí. "Wá jókòó níwájú, kí n lè máa rí ẹnu rẹ."