Bàbá Ẹ-Dín-Díẹ̀ àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ìtàn tí àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé télọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹ-Dín-Díẹ̀ ni ti ọjọ́ tó lọ ṣe dúnàá-dúrà pẹ̀lú dókítà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò ló fún un ní ikọ́ gbígbẹ. Ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, ó gbé páálí oògùn lé orí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ dá ọjà padà.

"Dókítà, oògùn ni mo gbà lọ́wọ́ yín. N kò gba ikọ́ mọ́ ọn."

Dókítà ní kò burú, òun á pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ òmíràn yìí lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú.

"Ẹsẹ̀ méjèèjì?"

"Méjèèjì ni, bàbá."

"Ẹ dín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wú, kí n máa fi èkejì rìn."

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Dókítà tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ gbórí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ikọ́ náà ti ṣọṣẹ́ kó tó lọ. Oníbàárà kan gba sòkòtò rẹ̀, ó nà án sókè, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ojú ìránṣọ yìí ń wọ́ bí ejò?"

"Ibi tó gún yẹn, èmi ni mo rán an. Ibi tó wọ́, ikọ́ ni. Ẹ lọ bi dókítà."

Oníbàárà náà ká sòkòtò rẹ̀, ó tún dúpẹ́.

Ẹsẹ̀ wú lóòótọ́, bàtà kò gbà á mọ́. Télọ̀ fi àjákù aṣọ rán bàtà fún ara rẹ̀, ọ̀kan pupa, èkejì olódòdó. Aládùúgbò kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Télọ̀ ní, "Ẹsẹ̀ mi ló sanra. Ìwọ tó ń jẹun yó lójoojúmọ́, ibo ni tìrẹ gbà?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó jẹun tán. Àwọn tó wá bá ìyàwó rẹ̀ kẹ́dùn ń sọ ìtàn wọ̀nyí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Ó ní inú kò bí òun, òun náà ní ọ̀kan tí wọn kò mọ̀.

"Ìgbà kan wà tó pa oògùn tì láìsọ fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọn, kókósẹ̀ ti yọ síta. Mo bi í. Ó ní ó ti sú òun, pé kí n gbà kí òun máa lò ó lónìí, kí òun fò ó lọ́la, kí òun àti oògùn jọ pín ọjọ́ sí méjì. Mo ní, 'Bàbá wọn, tí ẹ bá kú, ta ni kí n lọ bá ṣe dúnàá-dúrà?' Ó dìde, ó lọ bu omi."

Ìyàwó rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ló ń wá dúró níwájú mi. Á gbé oògùn mì, á la ẹnu kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Á ní, 'Ṣé ó ti tó?' Màá ní, 'Ó ku díẹ̀. Ẹ padà wá lọ́la.'"

Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó sì ń padà wá. Kò pa àárọ̀ kan jẹ."