Ọta Tó Fi Bíńtín Kéré

Bó bá di ọ̀rọ̀ òjé, Orrin Haugland kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bi ẹni tó bá wù yín léèrè ní Kettle Fork. Ọdún méjìlélógójì ló fi pọ́n ayùn nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó gbé ìkòkò òjé kalẹ̀ sínú gáréèjì, ó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá gbogbo àwa tá à ń ṣe ọta fúnra wa. Òun ló ń da ọta fún ẹgbẹ́ ayìnbọn wa. A máa ń kó òjé wẹ́wẹ́ tí àwọn fọkanáísà yọ lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ wá fún un, á yọ́ ọ, á dà á, á fi ìda oyin àti ọ̀rá pa á lára, á sì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan gba inú irin olójú kan kọjá kí gbogbo wọn lè rí bákan náà. Wọ́n ti tẹ nọ́ńbà ìwọ̀n sára irin yẹn láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Orrin gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ ju Bíbélì lọ, bẹ́ẹ̀ kì í pa ìsìn Sunday jẹ o.

Ohun kan wá ń yọ wá lẹ́nu. Ìbọn ìléwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, tá a bá ti yìn ín tó ogún ìgbà, òjé á ti lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá rẹ̀ bí èèpá ìdí ìkòkò, ọta á wá máa lọ síbi tó bá wù ú. Tá a bá gbé e tọ Orrin lọ, èsì kan náà ni. "Òjé ló rọ̀ jù, màá fi kún líle rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ máa fọ ìbọn yín! Ṣé ẹ rí tèmi tó ń lẹ̀?" Òótọ́ sì ni, tiẹ̀ kì í lẹ̀. A ó gbalé lọ máa fi búrọ́ọ̀ṣì họ ìbọn.

Ọdún kejì rèé tí Nola Birkeland mú ìbọn ọkọ rẹ̀ wá. Gus ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà òtútù ni. Ọ̀rẹ́ Orrin ni Gus, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jọ dẹ̀gbẹ́ lórí òkè yẹn, tí wọ́n jọ ń fa ẹran sọ̀kalẹ̀ nínú yìnyín. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń yìnbọn, lẹ́yìn náà a ó jókòó ti ẹ̀wà aláta ẹlẹ́ran nílé ẹgbẹ́. Nola yìn ín lẹ́ẹ̀méjìlá, òjé ti kún inú rẹ̀. Ó gbé e wá sórí tábìlì.

"Orrin, mo kàn ń rò ó ni o. Ṣé kì í ṣe pé ọta yìí kéré ju ojú ìbọn lọ?"

Orrin bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Nola ti di ọ̀gá òjé! Ọta mi ò kéré, arábìnrin. Jẹ́ kí n sòótọ́ fún ẹ: Gus ni ò tọ́jú ìbọn yìí. Ọ̀lẹ paraku ni tó bá di ká fọ ìbọn. Ó ti bà á jẹ́ kó tó kú."

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Nola ki ìbọn sínú àpò, ó fi ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́, ó lọ. Kò wá mọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Tí ìbọn ẹnikẹ́ni bá ti dọ̀tí, ẹnìkan á pariwo pé, "Ó ti di ìbọn Gus!" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi òkú ṣẹ̀fẹ̀ fún ọdún méjì gbáko.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni Orrin ra ìbọn ìléwọ́ kejì, irú èyí tó ti ní gẹ́lẹ́. Ó ti ọta rẹ̀ sí i, ó yìn ín. Òjé lẹ̀. Ó họ ọ́, ó fi kún líle òjé, ó tún yìn ín. Ó lẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì lọ́sàn-án gangan, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ̀pá ìbọn bí ẹni ń họ eyín ẹṣin. Ardis ìyàwó rẹ̀ gbé kọfí wá.

"Ọ̀gá òjé, ta ni ò fọ ìbọn lónìí?"

"Ardis, jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀."

"Mo kàn ń bèèrè ni. Àbí Gus ló tún wá yá a lò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ìbọn tuntun ni, òun nìkan ló sì fọwọ́ kàn án. Kò rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi.

Ló bá ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe láti ọdún gbọ́nhan. Ó fi òróró pa inú ọ̀pá ìbọn náà, ó mú òjé rírọ̀ kékeré kan, ó fi igi àti òòlù rọra gbá a wọnú rẹ̀ títí ó fi bọ́ sí òdìkejì. Òjé yẹn ti gba ìwọ̀n inú ọ̀pá gan-an. Ó wọ̀n ọ́n. Ó wọn ọta tirẹ̀. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Ọta rẹ̀ fi bíńtín kéré, kò tó ìnípọn irun orí, àmọ́ ó kéré. Ọta tó yẹ kó fún mọ́ ojú ọ̀pá dígbí ń fò nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Iná ẹ̀tù ń gba ẹ̀gbẹ́ ọta kọjá, ó ń lá òjé kúrò lára rẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá. Gbogbo líle tó ń fi kún un ló tún ń dá kún un, torí ọta líle kì í wú dí àlàfo. Ìbọn rẹ̀ àtijọ́ wulẹ̀ ní ojú tóóró ni. Oríire lásán! Òun ló fi ń ṣe ọ̀gá fún gbogbo ayé.

Ó wé sáńpépà mọ́ igi, ó fi gbo inú irin olójú náà títí ojú rẹ̀ fi gbòòrò díẹ̀ sí i. Ó da àádọ́ta ọta, ó ti wọ́n gba inú rẹ̀ kọjá, ó yìn wọ́n tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó yọjú wo inú ọ̀pá. Ó ń dán gbinrin! Orrin pariwo, ó jó díẹ̀ pàápàá. Àárín ijó yẹn ni ọ̀rọ̀ Gus já lù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ojú tì í débi pé ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ń wo òun.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò lè jẹun dáadáa. Ó ń rò ó pé kí òun kàn máa pín ọta tó dára, ta ni yóò mọ̀? Wọ́n á tiẹ̀ tún kan sáárá sí i. Ẹ sì wo bí ìtìjú ṣe ń ṣèèyàn: ìyìn yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ní ọjọ́ kẹwàá ó lọ kanlẹ̀kùn Nola.

"Nola, ọta yẹn kéré. O ò ṣì í sọ."

"Mo mọ̀." Obìnrin náà ò ní kó wọlé. "Ọjọ́ kejì ni mo wọ̀n ọ́n. Ohun ìwọ̀n Gus ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, ibi tó fi í sí."

"Kí ló wá dé tó ò sọ?"

"Mo sọ. Ẹ rẹ́rìn-ín."

Orrin wolẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú."

"Má bẹ èmi nìkan, Orrin. Iwájú èèyàn mẹ́rìnlélógún lo ti bú ọkọ mi."

Ní Sátidé, nígbà tá a jókòó ti ẹ̀wà, Orrin dìde. Ó di etí tábìlì mú. Ó ṣàlàyé irin, ó ṣàlàyé ìwọ̀n, ó ní gbogbo òjé tá a ti ń họ látọjọ́ yìí, ẹ̀bi òun ni. Ó ní òun ti ṣi àwọn kan dá lẹ́bi. Kò tíì parí tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ó ti tán!" "Jókòó, bàbá, ẹ̀wà ń tutù!" Ẹnìkan gbá a léjìká. Orrin fẹ́ẹ̀ jókòó. A ti dárí jì í kíákíá, bíi pé àwa ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù.

Nola ló sọ̀rọ̀. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti wọlé, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló dúró sí, kò bọ́ kóòtù.

"Dárúkọ rẹ̀."

Omi ti dúró sójú Orrin.

"Gus," ló wí. "Gus Birkeland tọ́jú ìbọn rẹ̀. Gus kì í ṣe ọ̀lẹ. Èmi tí mò ń pariwo pé kí ẹ fọ ìbọn, èmi ni mi ò wọn ọta. Ọ̀rẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́ pé irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín ni."

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kó jókòó mọ́. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ṣíbí.