Ṣé Ẹ Fẹ́ Mi Ni, àbí Ẹ Mú Mi?

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ń dín fún àdín, ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, lábúlé wa lẹ́bàá Lálúpọn, ni ọkàn mi ń sá lọ. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti máa ń dín tiẹ̀, èéfín á bò ó lójú, á máa fi ohùn Èkìtì bá iná wí. Bàbá mi, ológun àná tó di àgbẹ̀ nígbà tí òyìnbó ní kí ìjà dópin, fẹ́ràn láti máa sọ pé, "Lọ́dún tí mo mú ìyá yín." Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó nìyẹn. Àbí kí ni kí n rò, ọ̀rẹ́ mi? Ṣebí "a wá mú ìyàwó" náà ni gbogbo ayé ń wí.

Wọ́n ti ń tọrọ èmi náà lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹsẹ̀ rìn láti Èkìtì wá. Ó ní ìyá wọn ò ríran mọ́, ọmọ rẹ̀ tógun kó lọ ló ń bèèrè ṣáá. Òun fẹ́ sìn ín lọ sílé. Bàbá mi ní òun ò gbà. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn.

"Ẹ̀yin lẹ pa àwọn ajẹ́lẹ̀ tá a fi ṣọ́ ìlú yín, àna mi. Ẹ̀yin lẹ fa ogun Kírìjì."

"Ajẹ́lẹ̀ tó ń jẹ oko olóko, tó ń gba aya aláya? Kí là bá fi í ṣe? Ká fi í jọba?"

Bàbá mi ní àwọn ìlú ìsàlẹ̀ ló dínà ètíkun, tí ìbọn ń gbà wá, mọ́ Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ẹrú kíkó ló ti mọ́ Ìbàdàn lára. Oòrùn kàn wọ́n lórí, wọn ò mọ̀. Àfi bí ẹni pé ẹni tó bá borí ni yóò ni ìyá mi! Inú bí mi gan-an, torí kò sẹ́ni tó tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú wọn.

Ìyá mi sọ ìkòkò kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró, ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Odò ni mo ti ń pọnmi lọ́jọ́ náà. N ò mọ ajẹ́lẹ̀, n ò mọ ọ̀nà ètíkun. Baba ọmọ mi, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹ fẹ́ mi ni, àbí ẹ mú mi?"

Bàbá mi tẹ́nu ẹ̀ mú bí abẹ! Ó wò mí. "Mo mú ọ," ló wí nígbẹ̀yìn, jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣé," ni ìyá mi wí. Ó di ẹrù rẹ̀ mọ́ra, ó gbé igbá àdín lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má jẹ́ kó dànù, ó sì tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá mi ò dá a dúró. N ò fojú kàn án mọ́ láyé mi. Mo sunkún títí, mo bínú sí bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, torí ogun tí wọn ò lè sọ ẹni tó dá a sílẹ̀ ló bí mi.

Lọ́dún kejì, àwọn ará ilé ọkọ mi dé. Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún wọn dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀: "Ìyàwó wa la wá mú o!" Bàbá mi fò dìde.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi," ló wí, omi ti lé róró lójú ẹ̀. "Ẹ ní ẹ wá fẹ́ ẹ. Ẹ bi í ná, bóyá ó gbà."

Àwọn èèyàn rò pé àgbà ló dé sí i. Èmi mọ̀ pé ìyá mi ló ń dá lóhùn. Bí àwọn àgbà bá ń jiyàn báyìí lórí ohun tó fa Kírìjì, n kì í dá sí i. Gbólóhùn tó yẹ kẹ́nì kan ti sọ kógun náà tó bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi sọ lọ́jọ́ náà: ẹ bi í ná.