Ọkọ̀ Tí Kò Gba Èrò

Ní Jọ́ọ̀sì nígbà tiwa, ẹni tó bá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú àwa Yorùbá kò ní in fún ara rẹ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ni ín. Ọkọ̀ Ìjàpá aláwọ̀ ewé tí mo ń wà nígbà náà gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé aboyún, ó gbé àpò ìrẹsì, ó sì kó àga ìpàdé láìmọye ìgbà. N kò ráhùn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí, èmi nìkan ni mo sì ní ọkọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, yàtọ̀ sí Alága.

Oníṣòwò aṣọ ni Alága ní ọjà Tẹ́mínọ́ọ̀sì. Ó ní pijó gígùn kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òde ni ìyẹn. Lọ́jọ́ ìpàdé, Ìjàpá mi ló ń wọ̀, iwájú ló sì ń jókòó sí nítorí pé àgbà ni. Ìyàwó mi á bọ́ sẹ́yìn, láàárín obìnrin méjì, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí itan rẹ̀. Tí a bá délé, n óò ṣe ìṣe Alága fún un, bó ṣe ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó sì ń yínmú kó tó wọkọ̀. Á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi dé.

Lọ́jọ́ kan tí àwa méjèèjì ń rìn lọ ní ọ̀nà Lamingo, obìnrin òyìnbó kan sáré kọjá lára wa nínú ọkọ̀ pupa kékeré kan tí wọ́n ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹní. Ìjókòó méjì péré ló ní. Ajá rẹ̀ ló wà ní ìkejì. Ìyàwó mi dúró, ó ń wò ó títí ó fi yà ní kọ́nà.

"Tíṣà, irú èyí ni kí ẹ rà."

"Kí la fẹ́ fi ṣe? Kò ní ẹ̀yìn."

"Ohun tí mo rí nìyẹn. Kò ní ẹ̀yìn, iwájú lèmi á wà. Bí Alága bá dé, kó máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀."

A rẹ́rìn-ín délé. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pọ̀ nílé wa ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Ikọ́ fée ló ń bá a jà. Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì kò bá a lára mu rárá. Nínú ọ̀sẹ̀ tí kábíyèsí ìlú wa fẹ́ wá kí àwọn ọmọ rẹ̀, Alága ní kí n fi Ìjàpá kó àga lọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n di ẹrù lé e ju agbára rẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jó lójú òkè, a sì wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àárọ̀ ọjọ́ tí kábíyèsí máa dé gan-an ni ikọ́ náà gbé ìyàwó mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ètè rẹ̀ ń dúdú. Mo sáré lọ sílé Alága ní òpópónà kejì.

Pijó wà níta. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti tẹ́ aṣọ funfun sórí àwọn ìjókòó rẹ̀. Alága dúró tì í nínú agbádá. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, mo ṣàlàyé.

"Tíṣà, ìwọ náà mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ló máa gbé kábíyèsí láti pápá ọkọ̀ òfuurufú. A kì í fi ibi tí ọba máa jókòó sí gbé aláìsàn."

"A ó tètè dé, bàbá. Ọkọ̀ òfuurufú ò tíì balẹ̀."

"Lọ wá takisí."

Ó yí padà, ó ń fi áńkáṣíìfù nu dígí.

Takisí kò sí láàárọ̀ ọyẹ́ náà. Àgbẹ̀ kan tó ń kó kábéèjì lọ sọ́jà ló fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé wa lọ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Àwa méjèèjì wà láàárín kábéèjì, orí ìyàwó mi wà láyà mi. Nígbà tí a fi máa kọjá ní Tẹ́mínọ́ọ̀sì, ó ti dákẹ́. Mo rò pé ara ti ń tù ú.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ lọ́jọ́ náà, Alága wá kí mi. Ó ní kábíyèsí bá mi kẹ́dùn. Mo dúpẹ́, mo tún dọ̀bálẹ̀. Mo ti mọ̀ pé n óò gbẹ̀san. Ọ̀nà rẹ̀ ni n kò tíì mọ̀.

Ní àwọn ọdún yẹn, àwọn òyìnbó oníkùsà ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé, wọ́n ń ta àga, wọ́n ń ta fìríìjì, wọ́n ń ta ọkọ̀. Nígbà tí mo ta Ìjàpá, gbogbo ẹgbẹ́ ní kí n ra pijó gígùn. Alága fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nípàdé pé, "Ẹgbẹ́ á ti ní ọkọ̀ kejì nìyẹn." Orí ìjókòó tí mo wà níbẹ̀ ni ọ̀nà náà ti hàn sí mi. Mo fẹ́ kí ọjọ́ kan dé tí Alága máa nílò àyè nínú ọkọ̀ mi, kí n sì fi dù ú. Bí mo bá ra ọkọ̀ tó gba èèyàn mẹ́rin, ojú á máa tì mí láti kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lágbájá á wọ̀ ọ́ lónìí, tàmẹ̀dù á wọ̀ ọ́ lọ́la, títí á fi kan Alága. Ọkọ̀ tí kò láyè ni mo gbọ́dọ̀ rà.

Mo tọ alárinà kan lọ, ọmọ Ìlọrin tó ń bá àwọn òyìnbó wá oníbàárà. Alfa ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó fi hàn mí funfun bí ẹyin, ó rẹwà, imú rẹ̀ gùn. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wo ẹ̀yìn. Àga tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀.

"Ọmọdé méjì á jókòó síbẹ̀ dáadáa, Tíṣà."

"Bí ọmọdé bá gba ibẹ̀, àgbàlagbà á ká ẹsẹ̀ jọ. Mi ò fẹ́ ẹ."

Èkejì kò ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti de irin ẹrù mọ́ bóòtù rẹ̀. Irin náà gan-an ni Alfa ń fi ọwọ́ lù.

"Ẹ wò ó, àpò gàrí méjì á dúró síbí, wallahi."

"Ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Haba, Tíṣà! Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mélòó ló ń gbà ni wọ́n ń bi mí. Ẹ̀yin ń béèrè mélòó ni kò ní gbà. Ta lẹ ń bá jà?"

Ó wo ojú mi díẹ̀, ó sì tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ó dáa. Mo mọ èyí tó máa wù yín. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ."

Ọgbà ilé kan ní Lamingo ló wà. Pupa ni. N kò lè búra pé òun ni àwa méjèèjì rí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n irun ajá wà lára ìjókòó kejì. Táyà ìpamọ́ ti gba gbogbo bóòtù rẹ̀. Mo gbé àpò ìwé mi síbẹ̀, bóòtù kọ̀, kò pa dé. Inú mi dùn. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Nígbà tí mo wà á gun òkè, tí atẹ́gùn tútù ń gbá mi lójú, tí ó ń bú ramúramù lábẹ́ mi, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni.

"Ó kéré, ó ń pariwo, òjò á sì máa jò wọ̀ ọ́," ni Alfa wí nígbà tí mo padà dé.

"Mo rà á."

Lọ́jọ́ ìpàdé, iwájú gbọ̀ngàn ni mo gbé e sí, ibi tí Alága ń gbé tirẹ̀ sí gan-an. Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin, ló kọ́kọ́ jáde.

"Yéè! Tíṣà, níbo lèmi máa gbé ìdí mi yìí sí?"

"Ẹ máa fi ìdí yẹn sílé, Ìyá!" Ẹnìkan ló ké bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Alága kò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ọmọdékùnrin nìyí. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú lánàá, irú èyí ló lọ yàn?"

"Òun ló yàn án, bàbá."

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi."

Ẹ̀rín tán. Ó yínmú, ó yí ọkọ̀ náà po. "Èèyàn mélòó ló ń gbà?"

"Méjì ni. Èmi sì ti jẹ́ ẹnìkan."

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí dúró de ọjọ́ mi. Mo ń kí i, mo ń béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Oníwàásù wa a máa sọ̀rọ̀ nípa ìdáríjì, èmi náà a sì máa ṣe àmín. Tí a bá túká, n óò lọ fi aṣọ nu ìjókòó kejì. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ rí.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, nǹkan le. Ohun èlò ọkọ̀ di ọ̀wọ́n. Pijó Alága wà lórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé rẹ̀, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ní kábíyèsí tún ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó máa dé, epo bẹntiróòlù wọ́n, takisí kò sí nígboro, òjò sì ń rọ̀ pẹ̀lú yìnyín bó ti máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Mo ń kọjá ní Tẹ́mínọ́ọ̀sì nígbà tí mo rí Alága lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan nínú agbádá funfun. Ó nawọ́. Mo dúró. Ó gba inú òjò sáré wá, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Ọlọ́run ló rán ọ, Tíṣà. Kábíyèsí ti ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ́ ohun tí n óò sọ sórí. Ó gùn, òwe wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ lọ wá takisí, bàbá."

Kò kọ́kọ́ yé e. Ó wo ìjókòó tó ṣófo, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó yé e. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe yé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó sì tún rọ̀. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbéra, táyà mi ta ẹrẹ̀ sókè, n kò wo ibi tó bà sí.

Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ló fi rìn dé gbọ̀ngàn, pé ọba ti jókòó, akọ̀wé ẹgbẹ́ ti kí i. Kò pẹ́ tí akọ̀wé náà fi di alága.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀nà Lamingo ni mo gbà. Òjò dá. Ní kọ́nà tí a ti rí ọkọ̀ pupa, mo dúró, mo ká òrùlé sẹ́yìn. Mo retí kí ọkàn mi dá mi lẹ́bi. Kò dá mi lẹ́bi lọ́jọ́ náà, kò sì dá mi lẹ́bi títí di òní tí mo ti darúgbó. Inú mi dùn. Mo yíjú sí ìjókòó kejì láti ròyìn, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyàwó mi ì bá bi mí: "Ojú rẹ̀ ńkọ́, Tíṣà? Ẹ ṣe é kí n rí i."

Mo wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo jẹ́ kó rọ̀. Mo ṣe é dáadáa, n kò ṣe é tó bẹ́ẹ̀ rí. Atẹ́gùn ń fẹ́ gba orí ìjókòó náà kọjá. Mo dúró de ẹ̀rín rẹ̀.